Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Mọ Tirẹ̀

Ìgbálẹ̀, abẹ̀bẹ̀, odó kékeré, ẹní ìnusẹ̀ ẹnu ọ̀nà: irú nǹkan báwọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa máa ń ní kí ọmọ mú wá bí táàmù bá ti ń parí lọ. Háńdíwọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Ìyá ọmọ a gba ọjà lọ, a nájà, a sanwó. Ọmọ a ru ẹrù dé kíláàsì, tíṣà a kọ máàkì sílẹ̀, ìgbálẹ̀ a sì di ti ilé ìwé. Nínú gbogbo ètò yìí, ẹnì kan ṣoṣo tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan iṣẹ́ ni ọmọ tí a ní kó ṣe é. Láàrin táàmù ńkọ́? Tíṣà a ya ife tàbí ọsàn sára pátákó, àádọ́ta ọmọ a máa wò ó yà, ẹni tí tirẹ̀ bá jọ ti tíṣà jù ló gbẹ̀yẹ. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa èyí kò ju ọ̀kan lọ. Ọmọ ọdún 5 sí 8 kì í rí ẹ̀kọ́ gidi kọ́ nínú iṣẹ́ ọnà àfi nínú èyí tó bá ti ọkàn ara rẹ̀ wá, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Bí a bá sì ń wá ìlú tí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó nira fún, Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun yóò wà níwájú nínú wọn.

Kì í ṣe pé ìjọba gbàgbé iṣẹ́ ọnà. Nínú ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí àjọ NERDC gbé kalẹ̀, tí ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2008, ó ní àyè tirẹ̀. Òun ni ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń pè ní CCA, tó kó àwòrán yíyà, iṣẹ́ ọwọ́, orin, ijó àti eré pọ̀. Àrùn tó ń ṣe é ni pé a ti sọ ọ́ di ohun tí à ń kọ́ sórí. Ìdánwò a ní kí ọmọ dárúkọ oríṣi iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́ta. Ọmọ á kọ ìkòkò mímọ, aṣọ híhun àti agbọ̀n híhun, á gba mẹ́ta nínú mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ kò tíì fọwọ́ kan amọ̀ rí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ìwé. Kò sí tíṣà tó jẹ́ fi irú ọ̀nà yẹn kọ́ ọmọ ní ìṣirò, kó ní kí ọmọ ka orúkọ àròpọ̀ àti àyọkúrò láìní kó ro nǹkan kan pọ̀. Iṣẹ́ ọnà nìkan ni a gbà pé ènìyàn lè yege nínú rẹ̀ láìṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀. Egungun kéékèèké mẹ́jọ ló wà ní ọrùn ọwọ́ ènìyàn. Nígbà tí a bá bí ọmọ, kerekere ni wọ́n. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń le di egungun, èyí tó kẹ́yìn kì í sì í sábà le kí ọmọ tó tó ọdún 9 sí 12. Ọwọ́ tí kò tíì gbó yìí ni à ń fún ní bírò ní Pírámárì 1, tí a sì ń bínú pé lẹ́tà rẹ̀ wọ́. Amọ̀ fífún, bébà yíya, òwú dídì, ewé híhun, gbogbo wọn ló ń fún àwọn ìka kan náà tí yóò di bírò mú ní okun. Ti ojú àti ti ọkàn tún wà níbẹ̀. Viktor Lowenfeld, ọmọ ilẹ̀ Austria tó di olùkọ́ àgbà ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé nínú ìwé tó gbé jáde ní 1947 pé àwòrán ọmọdé ní ìpele tí í gbà dàgbà: láti ọdún 2 sí 4 ó ń fa ìlà kiri, láti 4 sí 7 orí roboto tó hu ẹsẹ̀ ń jáde, láti 7 sí 9 ọmọ ti ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń ya ènìyàn, ilé àti igi, ó sì ti ń fa ilẹ̀ sí abẹ́ wọn. Ohun tó bá ṣe pàtàkì lójú ọmọ ló ń tóbi nínú àwòrán rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì lè ga ju ilé lọ. Tíṣà a ní kó pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n orí ère tí àwọn agbẹ́gilére wa ń gbẹ́ sábà máa ń kó ìdá mẹ́rin tàbí ìdá mẹ́ta gíga ère náà, nígbà tí orí àgbàlagbà ènìyàn kò ju bí ìdá méje gíga rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó sọ pé wọn kò mọ̀ ọ́n wọ̀n. Wọ́n mọ ibi tí iyì ènìyàn wà, wọ́n sì gbé e tóbi.

Ìlú méjèèjì tí mo dárúkọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Orolu, ni ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, tí àwọn onísìn rẹ̀ gbà pé Ọbàtálá ni, ẹni tó ń fi amọ̀ mọ ọmọ sínú ìyá. Ìlobùú, olú ìlú Ìrẹ́pọ̀dùn, tó fara kàn án, ni ibùjókòó Erinlẹ̀, ọdẹ tó di odò. Ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ń pè ní awo ọta Erinlẹ̀, tí ìdérí rẹ̀ rí bí adé, wà lára iṣẹ́ tó fi agbára àwọn obìnrin amọ̀kòkò Yorùbá hàn jù. Nítorí irú rẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà nì, Robert Farris Thompson, fi kọ̀wé nípa Àbátàn, ìyá amọ̀kòkò ará Òkè-Ọ̀dàn. Ní àwọn ọdún 1950, Ulli Beier, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó wá ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tó di Yunifásítì Ìbàdàn, àti Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria, gbé ní Ẹdẹ, wọ́n gbé ní Ìlobùú, kí wọ́n tó kó lọ sí Òṣogbo. Ohun tí wọ́n rí nínú ilé òrìṣà àti nínú ọdún àwọn ìlú yìí wà lára ohun tó bí ìgbésẹ̀ tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí iṣẹ́ ọnà Òṣogbo.

Ó yẹ ká wo bí wọ́n ṣe ṣe é, nítorí ẹ̀rí ni. Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀, olórí ẹgbẹ́ òṣèré, àti Beier dá gbàgede iṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo. Denis Williams, ọmọ ilẹ̀ Guyana, ló kọ́kọ́ darí ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ní 1964, oníṣẹ́ ọnà kan, Georgina Beier, darí èyí tó lókìkí jù. Àwọn tó kópa kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà. Muraina Oyelami ń ṣeré nínú ẹgbẹ́ Ládiípọ̀, Jimoh Buraimoh ń bójú tó iná orí ìtàgé, Twins Seven-Seven ń jó. Olùkọ́ wọn kò gbé àwòrán kankan síwájú wọn pé kí wọ́n dà á kọ. Ó kó ọ̀dà àti bébà fún wọn, ó ń wo ọwọ́ oníkálukú, nígbà tí ó bá rí ibi tí ti ẹnì kan ti yàtọ̀, ó ń kì í láyà pé kó máa bá a lọ. Nítorí èyí ni Buraimoh fi di ẹni tí ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán, tí Seven-Seven ń fi ìlà wẹ́wẹ́ kún bébà bámúbámú, tí ti Oyelami kò sì jọ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ní 2005, àjọ UNESCO fi Seven-Seven jẹ oyè Oníṣẹ́ Ọnà fún Àlàáfíà. Ká ní ife kan náà ni gbogbo wọn ń wò yà lára pátákó, irú iṣẹ́ kan náà ni ìbá ti ọwọ́ wọn jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ takò mí á ní àgbà ni àwọn yẹn, wọn kì í ṣe ọmọdé. Òótọ́ ni, èmi náà kò sì sọ pé gbogbo ọmọ Pírámárì 2 ní Ìlobùú ni yóò di Buraimoh. Àtakò tó lágbára jù ú lọ ni ti Aina Onabolu, ẹni tó kọ́kọ́ gbé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà wọ ilé ìwé ní Èkó. Onabolu gbà pé ọmọ aláwọ̀ dúdú gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń wọn nǹkan, bí òjìji ti ń ṣubú, bí ohun tó jìnnà ti ń kéré, torí àwọn òyìnbó ìgbà náà ń sọ pé kò lè ṣe é. Kenneth Murray, olùkọ́ òyìnbó tó dé ní 1927, ní tirẹ̀ fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo ọdún ìbílẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ ìlú wọn. Mo gbà pé Onabolu ní ìdí tó dára. Àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti dàgbà ni àríyànjiyàn náà dá lé. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò tíì dé oríta yẹn. Ìwé àti ìròyìn òyìnbó ni Onabolu fúnra rẹ̀ ń wo àwòrán inú wọn yà nígbà èwe, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rán an. Ìdàkọ tí ọmọ yàn nítorí pé nǹkan wù ú, ẹ̀kọ́ ni. Èyí tí a pa láṣẹ fún àádọ́ta ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbọ́ràn ni. Bákan náà ni ti ẹni tó bá sọ pé nínú iṣẹ́ kíkọ́ nílẹ̀ Yorùbá, wíwò ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Lamidi Fakeye, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bámidélé Aréògún ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì lábẹ́ Fadá Kevin Carroll, wo ọ̀gá rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n igi gidi ni wọ́n kó fún un, àti irinṣẹ́ gidi, àti ọ̀pọ̀ ọdún. Ife ojú pátákó kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́ta yìí.

Kí wá ni kí tíṣà ṣe? Kó fi amọ̀ bẹ̀rẹ̀. Amọ̀ etí odò tí kò sí nítòsí ààtàn tàbí oko tí wọ́n ń fín oògùn sí ló dára. A ó ṣa òkúta inú rẹ̀ kúrò, a ó rẹ ẹ́ mọ́jú, a ó pò ó títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, a ó sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìṣù tó tó ọsàn. Ọmọ Pírámárì 1 á yí i roboto, á ti àtàǹpàkò bọ àárín rẹ̀, á máa fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi di àwo. Ti Pírámárì 2 á yí amọ̀ gígùn bí okùn, á ká a lé ara wọn, á fi ìka pa ojú àlàfo rẹ̀ pọ̀. Ti Pírámárì 3 á mọ ilé, ọkọ̀ tàbí ohun mìíràn tó bá wà lọ́kàn rẹ̀. Níbẹ̀ ni yóò ti mọ̀ pé bí òun kò bá há ojú amọ̀ méjì kí òun tó fi omi amọ̀ lẹ̀ wọ́n pọ̀, èyí tí òun lẹ̀ yóò já bọ́ nígbà tí ó bá gbẹ. Kùùkù àgbàdo tí a yí lórí amọ̀ tútù a máa fín in lára, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá amọ̀kòkò wa ti ń ṣe. Abẹ́ ibòji ni kí a gbé e sí, torí oòrùn á sán an. Kí ó tó gbẹ, kí tíṣà ní kí ọmọ fi rúlà fa ìlà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10 sórí pèlébé amọ̀ kan, kí wọ́n tún un wọ̀n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ìlà náà á ti kúrú. Ibo ni ìyókù lọ? Ìbéèrè yẹn ti di ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kò sì sí ọmọ tí yóò gbàgbé pé omi tó jáde ló gbé e lọ. Kò pọn dandan kí a sun iṣẹ́ náà. Èyí tí ọmọ kò bá fẹ́ mọ́, a ó tún fi omi rẹ ẹ́ padà di amọ̀.

Lẹ́yìn amọ̀, aṣọ àti àwọ̀. Òṣogbo, tí ìlú aró ni wọ́n ń pè é, kò jìnnà sí wọn. Ọmọ ọdún méje lè fi òwú di ẹ̀wà tàbí òkúta wẹ́wẹ́ sínú aṣọ funfun bíi ti àdìrẹ oníko. Ó sì lè fi ìka tàbí ìyẹ́ adìyẹ kun ẹ̀kọ láfún sára aṣọ bíi ti ẹlẹ́kọ, kó rí i pé ibi tí ẹ̀kọ bá dé, aró kò ní mú un. Àgbàlagbà ni kó rẹ ẹ́, torí sódà tí wọ́n ń pò mọ́ aró òde òní máa ń jó ọwọ́. Efun á fún wọn ní funfun, osùn á fún wọn ní pupa, èédú á fún wọn ní dúdú. Ẹ̀kọ ni yóò mú wọn lẹ̀ mọ́ páálí. Àwọn obìnrin tó ń kun ògiri ilé Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀ kò ra ọ̀dà ilé ìtajà kí iṣẹ́ wọn tó di ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ̀wé lé lórí. Ọmọ tún lè fi ewé ọ̀pẹ tàbí ègé páálí hun ẹní: gbé ọ̀kan, fi ọ̀kan pamọ́; bí ó bá yí i padà sí gbé méjì, fi ọ̀kan pamọ́, batani mìíràn á yọ lójú rẹ̀, á sì fẹ́ mọ̀ bí ti mẹ́ta á ṣe rí.

Ẹni tó bá ní kò sí owó, ìdáhùn rẹ̀ ti wà nínú ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí. Ìyá tó ra ìgbálẹ̀ fún tíṣà ti ná ju ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń fi amọ̀ ṣiṣẹ́. Àìpọ̀ tíṣà ni ìṣòro gidi. Tíṣà kan ṣoṣo ló ń kọ́ ọ̀pọ̀ kíláàsì ní gbogbo ẹ̀kọ́, kò sì kọ́ṣẹ́ ọnà rí. Àmọ́ ẹni tí kò mọ àwòrán yà gan-an lè ṣe iṣẹ́ yìí ju ẹni tó mọ̀ ọ́n yà lọ, torí kò ní sí ohun tí ọmọ á máa wò yà. Kó pín kíláàsì sí ọ̀wọ́ márùn-ún, kí ọ̀wọ́ kan máa mọ amọ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń kàwé tàbí ṣe ìṣirò, kí wọ́n sì máa gbà á fún ara wọn láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Kó pe ìyá aláró tàbí ìyá amọ̀kòkò ìlú wá lẹ́ẹ̀kan ní táàmù kan, kó fún un ní ìjókòó àlejò pàtàkì.

Àtakò ti ẹ̀sìn kò ṣeé fojú fò ní ìlú méjèèjì, níbi tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì pọ̀ sí. Òbí kan lè ní òun kò fẹ́ kí ọmọ òun mọ ère. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kò sì yẹ kí tíṣà bá a jà lé e lórí. Àwo, ẹní, aṣọ àdìrẹ àti batani kò ní ojú, wọn kò ní ẹnu, ẹ̀kọ́ inú wọn kò sì dín. Ọmọ tó ń lọ sí ilé kéwú ti ń fi kálámù àti tàdáwà kọ lẹ́tà tó lẹ́wà sára wàláà. Iṣẹ́ ọnà ni. Nínú ìwé Ẹ́kísódù, ẹni tí Bíbélì sọ pé Ọlọ́run fi ẹ̀mí ọgbọ́n kún fún iṣẹ́ ọnà ni Bẹ́sálẹ́lì. Bí tíṣà bá sì dárúkọ Òrìṣà Olúfọ́n tàbí Erinlẹ̀, ìtàn ìlú ló ń sọ. Ọmọ tí kò mọ ìtàn ìlú rẹ̀ kò di onígbàgbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn mìíràn á ní kọ́mọ́ọ̀n ẹ́ńtíráǹsì kò béèrè amọ̀, pé ìwé ni kí ọmọ mú ní ọ̀kúnkúndùn. Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe láti 1970 ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ohun tó yé ọmọ ní èdè tirẹ̀ ló ń gbé lọ sí èdè mìíràn. Ibi iṣẹ́ ọnà ni ọ̀rọ̀ ti í pọ̀ lẹ́nu ọmọ jù ní gbogbo ọjọ́ ilé ìwé: ó fẹ́ sọ ohun tó mọ, ìdí tí ìdí rẹ̀ fi fẹ̀, ẹni tó ń gbé inú ilé náà. Tíṣà tó bá ní kó sọ ọ́, tó sì kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ nínú ohun tó sọ kí ọmọ kà á padà, ti kọ́ ọ ní ìwé kíkà láìdárúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó jẹ́ ti ìlú méjèèjì gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, aáwọ̀ ààlà ilẹ̀ láàrin wọn di ìjà, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kéde kónílé-ó-gbélé. Amọ̀ kò lè yanjú ààlà ilẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ọba, ìjọba àti ilé ẹjọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá gbọ́ ìró ìbọn kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi rò ó; ọwọ́ rẹ̀ lè bá a sọ ọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní Terezín, níbi tí àwọn Násì há àwọn Júù mọ́, oníṣẹ́ ọnà kan, Friedl Dicker-Brandeis, kó àwọn ọmọ jọ, ó ń kọ́ wọn ní àwòrán yíyà láti 1942 títí wọ́n fi kó o lọ pa ní Auschwitz ní 1944. Kò pàṣẹ pé kí wọ́n ya ìyà tó ń jẹ wọ́n. Ó ní kí oníkálukú kọ orúkọ rẹ̀ sí iṣẹ́ rẹ̀. Nǹkan bí 4,500 àwòrán wọn ló wà ní mùsíọ́mù àwọn Júù ní Prague títí di òní. Kò sí ẹni tó ń fi aáwọ̀ ìlú méjì wé ìpakúpa yẹn. Ọgbọ́n olùkọ́ náà ni kí á mú. Kí tíṣà má sọ fún ọmọ pé kó ya ìjà, kó má sì dí i lọ́wọ́ bí ó bá yà á. Bí ọjọ́ bá sì dé tí ilé ìwé Ìlobùú àti ti Ìfọ́n lè pàtẹ iṣẹ́ ọmọ wọn sí gbọ̀ngàn kan náà, àwọn òbí á rí i pé àwo tí ọmọ ìlú kejì mọ wọ́ bí èyí tí ọmọ tiwọn mọ.

Máàkì ni èyí tó kẹ́yìn, torí tíṣà gbọ́dọ̀ kọ nǹkan kan sínú rìpọ́ọ̀tù. Kó má ṣe wo bí iṣẹ́ ṣe jọ ohun tó wà lójú ayé tó. Kó bi ọmọ ní ìbéèrè mẹ́ta: kí lo ṣe, báwo lo ṣe ṣe é, bí o bá tún un ṣe, kí lo máa yí padà? Ọmọ tó ra iṣẹ́ lọ́jà kò lè dáhùn ìbéèrè kejì, ọmọ tó wo ti ẹlòmíràn yà kò sì ní ní ohun tí yóò sọ sí ẹ̀kẹta. Kí ilé ìwé ní páálí kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí iṣẹ́ rẹ̀ kan máa wọ inú rẹ̀ ní táàmù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú déètì lára rẹ̀. Nígbà tí òbí bá wá sí ìpàdé, tí a bá gbé èyí tí ọmọ rẹ̀ ṣe ní Pírámárì 1 sí ẹ̀gbẹ́ ti Pírámárì 3, ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì ni máàkì.